Fíríìjì tòkunbọ̀ tó di àpótí 20°C: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láàbù omi wa ní Kàbà

Ohun tó fà á

Omi mímu ni láàbù wa ní Kàbà fi bẹ̀rẹ̀: omi kànga, omi bọ́hóòlù, omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lójú títì. Ìyẹn ò yọ wá lẹ́nu. A ní ohun tí a fi ń wọn pH (bí omi ṣe kan tó), a ní ohun tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi àti bó ṣe dàrú tó, a sì ní ìnkubétọ̀ kékeré tó ń mú 44°C dúró fún kòkòrò ìgbẹ́. Ooru kì í ṣe ohun tó wọ́n nílẹ̀ yìí. Gílóòbù kan nínú àpótí tí wọ́n fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀ ti tó.

Omi ìdọ̀tí ló ń kó ìtìjú bá wa. Ẹni tó ń ṣe gààrí á gbé kẹ́ẹ̀gì wá, á ní àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ti fẹjọ́ òun sùn, kí a jọ̀wọ́ bá òun yẹ omi tí òun ń dà nù wò. Ilé ìwòsàn á ránṣẹ́. Àwọn tó ń pa màlúù náà á dé. A ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ìlọrin tàbí Àbújá. Bẹ́ẹ̀ omi ìdọ̀tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kòkòrò inú rẹ̀ ń jẹun lọ nínú kẹ́ẹ̀gì ni. Ìlànà ni pé kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 6 tí wọ́n bù ú. Bí ọ̀nà bá jìn, kí wọ́n fi yìnyín tì í kó má kọjá 4°C, kó má sì ju wákàtí 24 lọ. Nínú mọ́tò akérò tó ń dúró ní gbogbo ìkóríta, yìnyín yẹn á ti di omi kó tó dé ibi tó ń lọ.

Àyẹ̀wò tí gbogbo wọn ń béèrè ni BOD, ìyẹn ìwọ̀n ọ́síjìn tí àwọn kòkòrò tí ojú ò rí máa lò bí wọ́n ṣe ń jẹ ìdọ̀tí inú omi. A ó rọ omi sínú ìgò títí dé ẹnu, a ó wọn ọ́síjìn inú rẹ̀, a ó dé e, a ó gbé e sínú òkùnkùn fún ọjọ́ 5 ní 20°C, a ó sì tún wọn ọ́síjìn tó kù. Èyí tó dín ni a fi ń ṣírò BOD. Kò sí àdììtú níbẹ̀, àfi 20 yẹn. Kò tutù, kò gbóná. Fíríìjì ilé kò mọ̀ ọ́n, ìnkubétọ̀ wa kò mọ̀ ọ́n, ojú ọjọ́ Kàbà gan-an kò mọ̀ ọ́n àfi lóru ọyẹ́.

Níbo ni 20 ti wá?

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí nítorí ọ̀rọ̀ náà máa ń bí mi nínú. Ní 1898 ni ìjọba Ìlú Ọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí bí wọ́n á ṣe máa da omi ìgbẹ́ nù. Ìròyìn kẹjọ tí ìgbìmọ̀ náà gbé jáde ní 1912 ló sọ BOD di òṣùwọ̀n. Ọjọ́ 5 ni wọ́n mú nítorí odò wọn kúrú, omi inú rẹ̀ kì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dókun. Wọ́n mú 65 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, nǹkan bíi 18.3°C, nítorí bí omi odò wọn ṣe máa ń rí nígbà ooru nìyẹn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n yí i sí 20°C. Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló ní kí omi tí wọ́n bá dà sódò má ṣe ní ju 20 mílígíráàmù BOD lọ nínú lítà kan, kí ìdọ̀tí tó léfòó nínú rẹ̀ má sì ju 30 lọ, bí omi odò tó máa gbà á bá ti pọ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po 8 ó kéré tán.

Odò Ìlú Ọba ni wọ́n ń wò, kì í ṣe Odò Ọ̀yì. Àwọn ará Íńdíà rí i pé èyí kò bá ilẹ̀ olóoru mu, wọ́n wá sọ tiwọn di ọjọ́ 3 ní 27°C. Lójú tèmi, ohun tó yẹ wá náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ka ìwé àyẹ̀wò wa á fi wé òdiwọ̀n tí wọ́n kọ fún ọjọ́ 5 ní 20°C, bí kò bá sì bá 20°C níbẹ̀, á dá ìwé padà. Nítorí náà, 20 la máa ṣe.

Ẹnìkan bi mí pé kí ló burú nínú kí a kàn gbé àwọn ìgò náà sórí tábìlì. Ìṣirò ló máa dá a lóhùn. Ìyára tí kòkòrò fi ń jẹ ìdọ̀tí máa ń di ìlọ́po 1.047 fún dígírì kan tó bá gùn. Láti 20 dé 30, ìyẹn á di ìlọ́po 1.58. Omi ìgbẹ́ tó bá jẹ́ pé nǹkan bí 68 nínú 100 ló yẹ kó ti jẹ lọ́jọ́ karùn-ún, á ti jẹ 84. A ó kọ ẹ̀sùn tó ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ sọ́rùn ẹni tó ni omi. Bí ooru yàrá bá sì yàtọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, omi kan náà á mú nọ́ḿbà mìíràn jáde.

Fíríìjì náà

Àpótí BOD tuntun wà lọ́jà, iye tí wọ́n pè é ló ju àpò wa lọ. Fíríìjì tòkunbọ̀ onílẹ̀kùn kan ló wà ní kọ̀rọ̀ láàbù. Ó ga dé àyà, ó ti kọ̀ kò tutù mọ́, fáìlì la ń kó sínú rẹ̀. Mo lọ pe ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún fíríìjì ṣe lẹ́bàá ọjà.

"Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀kún. Kí ló ń ṣe é?"

"Kò tutù mọ́. Ṣùgbọ́n a ò fẹ́ kó tutù púpọ̀ náà. 20 la fẹ́."

Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. "20 kẹ̀? Ta ló fẹ́ mu omi 20?"

"Ẹnì kankan ò ní mu ún, ẹ̀gbọ́n. Omi ìdọ̀tí la fẹ́ kó síbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun ti tún ti àwọn onísọ́ọ̀bù ṣe, òun ti tún ti àwọn ẹlẹ́ja ṣe, ti omi ìgbẹ́ ló kù.

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ṣì dára. Gáàsì ló ti jò tán. Ó po ọṣẹ, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa á mọ́ gbogbo oríkèé páìpù ẹ̀yìn, ibi tí wọ́n ti jó dráyà (àsẹ́ kékeré ojú ọ̀nà gáàsì) mọ́ páìpù ló sì ti hó. Ohun tó wù mí lára rẹ̀ ni pé kò gbà láti kàn rọ gáàsì mìíràn sí i kó máa lọ. Ó jó ojú ibẹ̀ pa, ó fi páǹpù fa afẹ́fẹ́ inú páìpù tán, ó tó rọ gáàsì 134a. Ó sì kọ̀ fún mi láti lu ihò sára fíríìjì. Mo ti mú dírílì dání fún wáyà sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó máa ń mọ ooru inú rẹ̀, ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì òde òní, inú ògiri ẹ̀gbẹ́ ni páìpù gáàsì gbà, ẹni tó bá lu ihò síbẹ̀ ti pa á nìyẹn. Ihò tí omi yìnyín ń gbà jáde lẹ́yìn la fi gbogbo wáyà gbà, a sì fi sílíkónì dí àyè tó kù.

Wáyà

Tẹmọ́sítáàtì tó bá fíríìjì wá kò wúlò fún wa, dígírì mélòó kan sókè òdo ni gbogbo ayé tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n so wáyà méjèèjì rẹ̀ pọ̀ kó lè jẹ́ kọntíróólà tí a rà nìkan ni kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Kọntíróólà náà ni STC-1000, irú èyí tí àwọn kan tó ń fi ẹ̀rọ sàba ẹyin máa ń lò. Ó ní ẹnu méjì, ọ̀kan fún ohun tó ń mú tutù, ọ̀kan fún ohun tó ń mú gbóná. F1, ìyẹn dígírì tí a fẹ́, la fi sí 20.0. F2, ìyẹn àyè tó lè yẹ̀ kó tó ṣe nǹkan, a fi sí 0.5. F3 a fi sí ìṣẹ́jú 5, kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ máa sinmi kó tó tún dìde. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lójú lọ: bí ó bá dìde nígbà tí gáàsì ṣì ń ti ara rẹ̀ lápá kan, á kàn máa kùn ni, ara rẹ̀ á gbóná, á sì pa ara rẹ̀.

Ohun tó ń mú gbóná ni gílóòbù 60 wọ́ọ̀tì. Ọyẹ́ nìkan la torí rẹ̀ fi í sí, ó lè má tàn fún oṣù mélòó kan. A dé agolo mọ́ ọn lórí, a fi ìṣó lu ihò kéékèèké sábẹ́ agolo kí ooru lè jáde kí ìmọ́lẹ̀ má jáde. BOD kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ rárá. Bí ewéédò tí ojú ò rí bá wà nínú omi náà, tó sì rí ìmọ́lẹ̀, á máa ṣe ọ́síjìn nígbà tí àwọn yòókù ń jẹ ẹ́, ìṣirò á sì dàrú. Nítorí èyí kan náà la ṣe tú gílóòbù ilẹ̀kùn fíríìjì kúrò pátápátá.

Kí a tó gbà kọntíróólà gbọ́, a wó yìnyín tí a fi omi dístíìdì (oru omi tí a sọ di omi padà) ṣe sínú ife, a rọ omi díẹ̀ sí i, a ti sẹ́ńsọ̀ bọ̀ ọ́ títí ó fi dúró lójú kan. Ó yẹ kó kà 0. Ohun tó kà ni 0.8. F4 wà fún irú èyí, a yọ 0.8 níbẹ̀. A tún fi tẹmomítà onígíláàsì láàbù wò ó ní 20, wọ́n bára mu.

Ibi tí sẹ́ńsọ̀ máa gbé

Èyí ló gba ọpọlọ jù. Nígbà tí sẹ́ńsọ̀ ń fì nínú afẹ́fẹ́, gbogbo ìgbà tí a bá ṣílẹ̀kùn ni kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń fẹ́ dìde, tó bá sì dìde, afẹ́fẹ́ tutù kíá, ó tún kú. Ìgò ò mọ nǹkan kan nínú gbogbo ariwo yẹn, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ nìkan ló ń jìyà. A wá ti sẹ́ńsọ̀ bọ inú ìgò BOD kan tó kún fún omi. Ara kọ̀mpúrẹ́sọ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn dé: kí 300 mL omi tó mọ̀ pé òtútù ti tó, àwo yìnyín òkè ti di funfun, àwọn ìgò tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti wọ 18 lọ. Ohun tó tán an ni ìgò oògùn ikọ́ kékeré, irú ti ọmọdé, tí a fi omi kún, tí a sì fi sẹ́ńsọ̀ sí láàárín. Ó tóbi tó láti má máa ta gìrì, ó kéré tó láti má pẹ́ kó tó mọ̀.

Òkè àti ìsàlẹ̀ kò dọ́gba síbẹ̀. Òtútù máa ń já bọ́ láti àwo òkè, bẹ́ẹ̀ ni pẹpẹ ìsàlẹ̀ jìnnà sí i. Fáànù kọ̀ǹpútà ògbólógbòó, oníná 12 V, la so mọ́ ẹ̀yìn kó máa da afẹ́fẹ́ pọ̀ tọ̀sán-tòru. Láti ìgbà yẹn, tẹmomítà òkè àti ti ìsàlẹ̀ kì í jìnnà síra ju ìdajì dígírì lọ. Àyè tí ìlànà fi sílẹ̀ ni dígírì 1 sókè tàbí sísàlẹ̀, a ti wọ inú rẹ̀.

Ìrì tún ń kán láti àwo òkè sórí ìgò. Ẹnu ìgò BOD ní ètè bí ago, omi díẹ̀ la máa ń rọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti dé e kí afẹ́fẹ́ má bàa rí àyè wọlé, kò sì yẹ kí omi mìíràn dà pọ̀ mọ́ ọn. Ike pẹlẹbẹ tí a gbé sábẹ́ àwo náà tó, a tún fi fọ́ìlì bo orí ìgò kọ̀ọ̀kan kí omi ètè rẹ̀ má gbẹ.

Báàgì píọ̀ wọ́tà 6

Ọjọ́ 5 tí iná ò ní lọ rí, ta ló rí i rí? Ìnfátà wa kékeré, ìgbà tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá ń dìde ló máa ń pa á. Jẹnẹrétọ̀ la ní, àmọ́ a ò lè máa tàn án títí ilẹ̀ á fi mọ́ nítorí fíríìjì kan.

Ìṣirò la fi yanjú rẹ̀. Ìgò BOD 20, omi inú wọn kò ju lítà 6 lọ, kíá ni ooru ìta á gbé e. Ṣùgbọ́n bí omi inú fíríìjì bá di lítà 60, ooru kan náà á ní láti fi ìlọ́po 10 àkókò ṣiṣẹ́ kó tó gbé gbogbo rẹ̀ ní dígírì 1. Píọ̀ wọ́tà báàgì kan jẹ́ ọ̀rá 20, ọ̀rá kan jẹ́ 50 cl, ìyẹn lítà 10. A ra báàgì 6. A tò wọ́n sí ìsàlẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, sáàárín àwọn ìgò, a fi ọ̀nà sílẹ̀ fún atẹ́gùn fáànù. Fíríìjì náà gba ju ọjọ́ kan lọ kó tó sọ gbogbo omi yẹn di 20. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di akin. A yọ ọ́ lára iná lọ́sàn-án gangan, yàrá wà ní 31, a dé ilẹ̀kùn pa. Wákàtí 6 kọjá, kò tíì gùn tó dígírì 1. Jẹnẹrétọ̀ kì í wá ṣiṣẹ́ mọ́ àfi bí iná bá lọ pẹ́ gan-an, wákàtí kan sí méjì sì ti tó fún un. Ìnfátà ń gbé fáànù àti kọntíróólà nìkan.

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, èyí ni owó rẹ̀ kéré jù, òun ló sì ṣe wá lóore jù. Ìyọnu kan ṣoṣo tó mú wá ni pé gbogbo ẹni tó bá wọlé, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́. A ti kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé omi ìdọ̀tí ló wà níbí, wọ́n ṣì ń béèrè. Kọ́kọ́rọ́ ló parí ọ̀rọ̀.

Rẹ́lẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ra

Láàárọ̀ kan, tẹmomítà tó ń rántí ibi tó lọ sílẹ̀ jù sọ pé 9°C. Kọntíróólà ń fi iná hàn pé òun ti pa kọ̀mpúrẹ́sọ̀, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ sì ń sáré lọ ní tirẹ̀. Irin méjèèjì inú rẹ́lẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà inú kọntíróólà tó ń tan kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó sì ń pa á, ló ti jó lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n kọ 10 áńpíà sára rẹ̀, fíríìjì wa kì í sì í lò tó 2 bó bá ti ń lọ, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ń dìde, ohun tó ń fà máa ń tó ìlọ́po mélòó kan èyí. Iná háàfù kọ́rẹ́ǹtì tí a máa ń ní lálẹ́ tún fi kún un: kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á fẹ́ dìde, kò ní lè dìde, á kú, á tún gbìyànjú, iná kékeré á máa ṣẹ́ láàárín irin yẹn títí.

Iṣẹ́ kọ́ńtákítọ̀, ìyẹn rẹ́lẹ̀ ńlá tó lè gbé ẹrù, nìyẹn, kì í ṣe ti rẹ́lẹ̀ bíńtín. Oníná àdúgbò gbé ọ̀kan sí i: kọntíróólà ń pàṣẹ fún kọ́ńtákítọ̀, kọ́ńtákítọ̀ ló ń gbé ẹrù kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Ó tún fi sítébíláísà síwájú gbogbo rẹ̀, èyí tó máa ń pa iná pátápátá bí kò bá tó. Ìgò tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, a dà á nù, a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé a dà á nù.

Ṣé ó ń sọ òótọ́?

Kí nọ́ḿbà 20 máa tàn lójú kọntíróólà kò sọ fíríìjì di irinṣẹ́ láàbù. Ohun méjì ló máa jẹ́rìí.

Àkọ́kọ́ ni omi lásán. Omi dístíìdì tí a fi atẹ́gùn sí dáadáa, tí a sì fi èròjà mẹ́rin tí ìlànà kọ sí i, mílílítà kan kan nínú lítà kan, láìsí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 5, ọ́síjìn inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ju 0.2 mg/L dín. Tiwa fi 0.6 dín. Fíríìjì kò jẹ̀bi. Rọ́bà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ni, ó ń bọ́ nǹkan sínú omi, kòkòrò sì rí oúnjẹ. A pààrọ̀ rẹ̀ sí ti sílíkónì, ó wálẹ̀ sí 0.1. Lórí omi dístíìdì náà, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì mọ́tò láìkọ́kọ́ wọn iyọ̀ inú rẹ̀. Òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi ẹ̀rọ, òmíràn ní ásíìdì díẹ̀.

Èkejì ni omi aládùn: glucose 150 mg àti glutamic acid 150 mg nínú lítà kan, pẹ̀lú omi ìgbẹ́ bíńtín tó ti tòrò kí kòkòrò lè wà nínú rẹ̀. Gbogbo láàbù ayé ló mọ ohun tó yẹ kí èyí jẹ́: 198, pẹ̀lú àyè 30.5 sókè tàbí sísàlẹ̀. Tiwa jẹ́ 184. Ìgbà tí mo rí i ni ọkàn mi tó balẹ̀.

Ọ̀nà Winkler la fi ń wọn ọ́síjìn, ara Húngárì ló gbé e jáde ní 1888, a ò sì tíì rí owó mítà tó dára. N kò kábàámọ̀ rẹ̀, ojú la fi ń rí i. A ó ti ẹnu pípẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ omi ìgò, a ó rọ manganese sulphate mílílítà 1 sí i, a ó rọ áńkálì tó ní áyódáìdì àti ásáìdì nínú tẹ̀ lé e. Kíá ni ìkùukùu á bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Bí ọ́síjìn bá wà, àwọ̀ ilẹ̀ pupa á mú un. Bí ọ́síjìn bá ti tán, funfun ni á máa rọ̀ wálẹ̀, kò tún sí ìdí láti wọn ohunkóhun. A ó dé ìgò, a ó yí i sókè yí i sílẹ̀, a ó jẹ́ kó rọ̀ dé ìdajì, a ó wá fi ásíìdì sí i, gbogbo rẹ̀ á sì di omi aláwọ̀ wúrà. A ó bu 201 mL nínú rẹ̀. Ìdí tí kò fi jẹ́ 200 ni pé oògùn méjèèjì ti lé 2 mL jáde nínú 300. A ó máa kán thiosulphate sí i títí á fi ṣì bí omi koríko gbígbẹ, a ó fi sítáàṣì sí i, á di búlúù, a ó sì máa kán an lọ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀kán kan á fi sọ ọ́ di omi mímọ́ gaara. Mílílítà 1 tí a bá lò, mg/L kan ti ọ́síjìn ni.

Ní 20°C, ìwé sọ pé omi lè gba 9.09 mg/L ní ẹ̀bá òkun. Àwa tó wà lórí ilẹ̀ gíga Kàbà, tiwa kì í dé ibẹ̀.

Omi ẹ̀gẹ́

Omi ibi ìṣe gààrí lọ́nà Ìyàrà ni ojúlówó iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wọ inú àpótí náà. Omi yìí ni èyí tó ń ṣàn lábẹ́ àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi jáàkì tẹ̀. Ó funfun bí wàrà, òórùn rẹ̀ ń lé ènìyàn. pH rẹ̀ lé díẹ̀ ní 4. Kòkòrò ò lè ṣiṣẹ́ nínú ìkan tó báyẹn, nítorí náà a fi áńkálì gbé e bọ́ sáàárín 6.5 sí 7.5. Oró ẹ̀gẹ́ náà wà nínú rẹ̀, èyí tó ń di sáyánáìdì, ó sì lè pa kòkòrò àyẹ̀wò. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni pé kí a fi omi là á ní oríṣiríṣi ìwọ̀n. Bí ìgò tí a là jù bá ń fún wa ní BOD tó ga ju ti àwọn yòókù lọ fíìfíì, oró ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

A sọ mílílítà 10 di lítà 1, a sì bu nínú ìyẹn, tó fi jẹ́ pé 0.1, 0.2 àti 0.4 mL omi ẹ̀gẹ́ gan-an ló wọ ìgò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ ní 8.3 mg/L. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n kù sí 6.0, 4.6 àti 1.5. Omi ìgbẹ́ tí a fi gbin kòkòrò jẹ 0.7 nínú èyí tó dín. A yọ ọ́, a fi 300 sọ ọ́ di púpọ̀, a fi iye mílílítà pín in, ó jẹ́ 4,800, 4,500 àti 4,575. Ìgò gbogbo ló fi ju 2 dín tó sì ṣẹ́ ju 1 kù bí ìlànà ṣe fẹ́, nítorí náà kò sí èyí tí a lè jù nù. Àkọ́kọ́ ga díẹ̀, kò dẹ́rù bà mí: ní irú lílà bẹ́ẹ̀, ẹ̀kán kékeré tó jẹ́ 0.1 mg/L ti di 300 nínú èsì. 4,600 la kọ.

Ẹ fi wé 20 ti ìgbìmọ̀ 1912, ẹ sì rántí pé wọ́n ní kí odò pọ̀ jù ú ní ìlọ́po 8. Odò kékeré tó ń gba omi ẹ̀gẹ́ yìí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ẹ̀gẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ jù ú.

Ìyá tó ni ibẹ̀ wá gba ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé oró ẹ̀gẹ́ ló ń pa ẹja wọn ni?"

"Ó lè wà níbẹ̀, Ìyá. Ṣùgbọ́n èyí tí a wọ̀n yìí, atẹ́gùn inú omi ló ń gbà lọ́wọ́ ẹja."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

Mo ní kó gbẹ́ kòtò tó jìnnà sódò àti sí kànga, kó rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má máa rin, kó jẹ́ kí omi náà sinmi níbẹ̀ kó tó lọ síbikíbi. Sítáàṣì ló fún un ní àwọ̀ funfun yẹn, á rọ̀ sí ìsàlẹ̀ kòtò, ó sì ṣeé tà. Ìgbà tó gbọ́ pé ó ṣeé tà ló jókòó dáadáa.

Ohun tó kù

Rọ́bà ilẹ̀kùn ti le, owó bébà tí a fi há a ń yọ́ jáde nírọ̀rùn lápá ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ní òun á bá wa wá ti fíríìjì kan tó ti kú. Bí a bá ti pààrọ̀ rẹ̀, a ó tún omi aládùn ṣe kí a tó gba omi ẹlòmíràn, nítorí àpótí tí a bá ti tú ara rẹ̀ kì í ṣe àpótí tí a dán wò mọ́. Omi odò tí a bù lókè àti nísàlẹ̀ ibi ìṣe gààrí náà ti wọlé ní tirẹ̀ láìdúró de rọ́bà, ọjọ́ Ẹtì la máa ṣí i.